Ẹ̀jẹ̀ Nínú Yàrá Sáfà ní Bẹyẹrúnká

Táyà ti wà lọ́rùn Jubril nígbà tí a dé Bẹyẹrúnká. Ọkùnrin kan tí kò wẹ̀wù gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù dání, èkejì rẹ̀ ń ṣáná, ṣùgbọ́n epo ti ta sí i lọ́wọ́, ìṣáná rẹ̀ tutù, kò ràn. Ọlọ́run ló kó Jubril yọ níbẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ Àtọ́kẹ́ yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀kan, ó la àárín èrò kọjá, ó sì fi ìdí ìbọn gbá aṣáná náà lẹ́nu. Eyín bọ́ sílẹ̀. Kí àwọn tó kù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èmi Ishaq, kọ́púrà lábẹ́ rẹ̀, àti ọlọ́pàá méjì tó tẹ̀ lé wa ti fa Jubril yọ nínú táyà, a ti wọ́ ọ wọnú ọgbà, a sì ti ti géètì mọ́ wọn.

"Ẹ mú un jáde! Apààyàn ni! Ẹ̀jẹ̀ Obed ló wà lára ẹ̀ yẹn!"

Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lu géètì. Mo wo Jubril. Etí òsì rẹ̀ ti ya títí dé ìdí, ojú rẹ̀ kan ti dí pátápátá, pákó tó ní ìṣó ni wọ́n fi lù ú lẹ́yìn. Lóòótọ́ sì ni, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára bùútù rẹ̀ àti ìka ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ ni, ọmọ Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ń sáré bọ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń pariwo, ni wọ́n fi mú un.

Inú ilé Alhaji Yésúfù la wà. Iṣẹ́ Alhaji ni kó máa gbé kámẹ́rà kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò láti Ọjà'ba títí dé Oríta-mẹ́rin. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá rí ń wọnú yàrá kan lókè, níbi tí sáfà méjì wà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn. Obed ló ń ṣàkóso wọn. Ọ̀fẹ́ ni Obed fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ dáná sun èèyàn nítorí rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀gá mi pe ẹ̀ka wa lórí fóònù. Mọ́tò tó yẹ kó wá kó wa ti há sí Bẹẹrẹ, èrò dí ọ̀nà.

"Géètì yìí ò ní pẹ́ já," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Tó bá já, tí a ò sì mọ ẹni tó pa Obed, Jubril ni wọ́n máa sun. Gòkè, jàre."

*

Ní ẹnu ọ̀nà yàrá sáfà, pákó ìtẹ́bàtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn: BỌ́ BÀTÀ RẸ. Eruku pupa Bẹyẹrúnká kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ pẹ́, Alhaji ló fòfin náà lélẹ̀.

Òkú Obed dojú bolẹ̀ ní tòsí ilẹ̀kùn. Wọ́n ti fọ́ orí rẹ̀ yángá. Bátìrì tí wọ́n yọ láti inú UPS, ẹ̀rọ tó ń gbé sáfà ró tí iná bá lọ, ló wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irun orí rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ etí bátìrì náà. Ẹni tó ṣe é kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí Obed ti ṣubú ló tún tẹ̀ síwájú, ó tún ń fi lù ú. Gíláàsì kọ̀ǹpútà kan tó já lulẹ̀ fọ́n káàkiri inú ẹ̀jẹ̀. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́, ṣùgbọ́n mo yíjú sí ògiri ná.

"Ishaq, kí lo ń gbọ́?"

"Àwọn tó ń sọ òkúta, Ọ̀gá."

"Nínú yàrá yìí ni mo wí."

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

"Èmi náà ò gbọ́. Ó sì yẹ ká gbọ́. Sáfà máa ń hó bí ìkòkò tó wà lórí iná ni, tọ̀sán tòru."

Kí wọ́n tó gbé Ọ̀gá Àtọ́kẹ́ wá sí ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, yàrá ẹ̀rọ ni wọ́n fi í sí, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Ó mọ ìwà àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ju bó ṣe mọ ìwà ọkọ rẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ó tọ́ka sí ínfátà. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára rẹ̀. "Iná wà. Wáyà sáfà méjèèjì ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìwọ tí o bá jẹ́ jàǹdùkú, o pa èèyàn tán, o fẹ́ yọ díìsìkì tí àwòrán wà nínú rẹ̀, kí lo máa ṣe?"

"Màá fa wáyà yọ. Kí n máa wo kí ni?"

"Ẹni yìí ò fa wáyà. Ó jókòó, ó sì pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ." Ó fà mí lọ sídìí tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí kíbọ́ọ̀dù, ó wà lórí máòsì, ìka ti fà á gùn. "Ẹnu ọ̀nà ni Obed kú sí, kò débí mọ́. Nítorí náà, lẹ́yìn tó pa á tán ló wá pa ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kán ẹ̀jẹ̀."

Àyè díìsìkì méjì ṣófo nínú sáfà ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ń lo Línúkìsì, tó ń tọ́jú àwòrán kámẹ́rà. Sáfà ọwọ́ òsì, ti Wíńdòósì, kò sí ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ tábìlì. Àwọn tó sáré wọlé ti fi bàtà tẹ gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ipa bùútù Jubril sì wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì yẹn, wọn kò débẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kan wà níbẹ̀, ìdajì. Mo ka ọmọ ìka márùn-ún.

"Bóyá ti Obed ni," ni mo wí.

"Wo àtẹ́lẹsẹ̀ Obed."

Mo wò ó. Ó mọ́ tónítóní.

Ní ìsàlẹ̀, géètì dún gbà-á. Irin kan ti tẹ̀.

*

Yàrá ìkẹ́rù la ti bá Jubril, ó fi ìdí lé àpò sìmẹ́ńtì.

"Kí lo lọ ṣe lókè?" ni Ọ̀gá bi í.

"Mo gbọ́ tí Bọ̀dá Obed ké, mà. Ẹ̀rù bà mí, mo sá sábẹ́ àtẹ̀gùn títí ibẹ̀ fi dákẹ́, kí n tó wọlé. Mo gbé orí wọn. Orí wọn... ó rọ̀ lọ́wọ́ mi, mà."

"Jẹnẹrétọ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé. Kí lo ń wá lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó o fi gbọ́?"

Jubril fa àpò irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra.

"Mẹkáníìkì, o mọ̀ pé wọ́n fẹ́ sun ọ́?"

"Mo mọ̀, mà."

"Sọ ohun tó o lọ ṣe lókè, kí n lè gbà ọ́!"

"Mi ò lè sọ. Ẹ má bínú, mà. Mo ti fi Kùránì búra."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ ọ létí, mo wá rántí pé kò ní etí tó ṣe é fọ́ mọ́. Irú agídí wo lèyí! Ọ̀gá kàn wo àpò irinṣẹ́ rẹ̀ títí, ó sì jáde.

Alhaji Yésúfù ló kàn. Gbàgede ló jókòó sí, ẹ̀jẹ̀ kún iwájú agbádá rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti sọ fún wa pé òun àti Obed fa ọ̀rọ̀ gan-an láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Kí lẹ bá a jà sí, Alhaji?"

"Ó ní òun fẹ́ lọ bá ọlọ́pàá. Mo ní kí ló dé, ó ní òun ò lè sọ fún mi, pé òun máa kọ́kọ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Mo ní inú ilé mi, lórí iṣẹ́ mi, lo ti ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi? Mo bú u. Ó dùn mí, ọmọ mi. Mo bú u, kò sì pẹ́ tí mo fi gbé òkú ẹ̀ mọ́ra."

"Ẹ lè pa sáfà fúnra yín?"

Alhaji wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó fò. "Kí n pa kí ni? Afeez ló ń bá mi tẹ fóònù o."

Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti èmi, ẹ̀jẹ̀ agbádá yẹn ti mú mi dá Alhaji lẹ́bi tán nínú ọkàn mi, mo kàn ń wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni.

Àwọn méjì ló ń bá Obed ṣiṣẹ́. Afeez, ọmọ Oníyanrìn, ń sunkún débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Olúwọlé ní tirẹ̀ fara ti ògiri, ó ṣe pẹ̀lẹ́, ó ń bá wa káàánú. Ọ̀gá dá a mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n rí ọmọbìnrin kan tó ń ta fóònù, Precious, nínú gọ́tà ní Oríta-mẹ́rin, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gún un ní ikùn láìmọye ìgbà. Ọ̀gá mi ló ń wádìí ẹjọ́ náà. Ó wá síbí wá béèrè àwòrán kámẹ́rà, Olúwọlé yìí ló sì dá a lóhùn pé kámẹ́rà ibẹ̀ ti kú.

"Níbo lo wà nígbà tí Obed ké?"

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mà. Ẹ̀yin náà ẹ rí Jubril. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Mo rí i. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká gòkè. Mo fẹ́ kí ẹ tan ẹ̀rọ fún mi."

*

Afeez ló ṣáájú. Ó dé ẹnu ọ̀nà, omijé ń já lójú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì tò ó sórí pákó. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló wá ń wá ibi tí kò sí ẹ̀jẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Olúwọlé tẹ̀ lé e. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá wo bàtà náà. Ó ní kí Afeez tan sáfà Wíńdòósì. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, Afeez tẹ páswọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀rọ sì ṣí.

"Afeez, tí iná bá já mọ́ ọn lójijì tẹ́lẹ̀, kí ló máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá tan án?"

"Á bi wá ni, mà. Á ní kí ló dé tí òun fi kú lójijì. A gbọ́dọ̀ dá a lóhùn."

"Ṣé ó bi ọ́ báyìí?"

Afeez wo ojú ẹ̀rọ. Ẹkún rẹ̀ dá. "Rárá, mà."

"Tan Línúkìsì. Ọ̀tọ̀ ni díìsìkì kékeré tó fi ń jí, wọn ò yọ ìyẹn."

Ó tan án. Ẹ̀rọ náà ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wéréwéré sójú gíláàsì tó ṣẹ́kù.

"Tí wọ́n bá fa wáyà rẹ̀, kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Á yẹ ara ẹ̀ wò, bóyá ó fara pa." Afeez ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kò yẹ ara ẹ̀ wò. Ó kàn ń wá díìsìkì méjì tí kò rí ni. Mà... ẹnì kan ló pa wọ́n bó ṣe yẹ. Bọ̀dá Obed ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilé ìbáà máa jó, a ò gbọdọ̀ fa wáyà."

"Ta ló mọ páswọ́ọ̀dù?"

"Bọ̀dá Obed. Èmi." Ó yíjú. "Olúwọlé."

Ọ̀gá Àtọ́kẹ́ jókòó sí etí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ tàkúrọ̀sọ.

"Ẹni tó mọ páswọ́ọ̀dù ni, tó sì bọ́ bàtà kó tó wọlé pààyàn, nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń bọ́ ọ. Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ó jókòó, ó pa ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó ti tẹ ẹ̀jẹ̀ àti gíláàsì. Ẹ̀yìnkùlé nìkan ni omi wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lu Jubril kí wọ́n tó fà á síta. Kò ríbi fọ ẹsẹ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, ó wọ bàtà lé e, ó wá dúró láàárín wa, ó ń bá wa káàánú. Olúwọlé, bọ́ bàtà ẹ."

"Ẹ̀jẹ̀ ló wà nílẹ̀, mà. Ta ló ń bọ́ bàtà sínú ẹ̀jẹ̀?"

"Afeez rí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ó bọ́ tiẹ̀."

Mi ò rí ìgbà tí Olúwọlé mú sukudiráfà lórí tábìlì. Mo kàn mọ̀ pé ó ti wọ apá mi, ó wọlé láti iwájú, ó yọ lẹ́yìn, ìbọn mi sì bọ́. Ó fa irin náà yọ, ó fò mọ́ Afeez, ó gbé orí rẹ̀ gbá kábínẹ́ẹ̀tì sáfà, ó gbé sukudiráfà sókè sí ojú rẹ̀. Afeez fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ké pe Ọlọ́run. Irin yẹn kù díẹ̀ kó kan ẹyinjú rẹ̀. Olúwọlé fi ọwọ́ kejì di etí kábínẹ́ẹ̀tì mú kó lè rí agbára tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá kò yìnbọn. Ó gbá ilẹ̀kùn onírin kábínẹ́ẹ̀tì náà dé mọ́ ọwọ́ yẹn. Mo gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Ó ṣí i, ó tún gbá a dé. Olúwọlé ké bí ẹran, ó ṣubú lulẹ̀, mo sì fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ń kán sí i lójú. Inú mi dùn sí i. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Afeez fúnra rẹ̀ ló bọ́ bàtà náà. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ti pọ́n, ó ti gbẹ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ègé gíláàsì sì wà ní gìgísẹ̀.

"Gíláàsì ló gé mi," ni Olúwọlé ń wí láàárín eyín. "Mo wọlé lẹ́yìn tó kú tán ni. Kí ni màá pa Obed sí? Ẹ ò ní nǹkan kan."

Ní ìsàlẹ̀, irin kejì tẹ̀.

*

A dè é, a tú ara rẹ̀, a ò rí díìsìkì méjèèjì, a sì wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá lọ tààrà bá Jubril.

"Òfin kan wà tí àwọn tó ń tọ́jú sáfà kì í rú. Nǹkan tó bá ṣe pàtàkì, ẹ̀dà mẹ́ta. Méjì lè wà nínú ilé, ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ wà níta, torí iná àti olè. Obed kì í rú òfin. Gbogbo ẹni tó ń jáde nílé yìí ni wọ́n ń tú àpò wọn, àfi ìwọ tí àpò rẹ kún fún ọ́ìlì."

Jubril wolẹ̀.

"Díìsìkì lo máa ń lọ gbà lókè."

"Mà, mo búra pé ẹnu mi ò ní sọ ọ́. Obed ti kú. Ta ló máa wá tú mi sílẹ̀?" Omi bọ́ lójú rẹ̀ tó ṣì ń ríran. "Ṣùgbọ́n mi ò búra pé ìyá mi ò ní sọ̀rọ̀."

Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì láti ìgbà tí a ti ti géètì náà. Ohùn rẹ̀ la ti ń gbọ́ láàárín ariwo tí a rò pé òun náà ń sọ̀kò. Ọlọ́pàá kan fi ara ti géètì, èkejì ṣí i díẹ̀, wọ́n fà á wọlé. Ìyáàfin Sọ̀fíyàt ni, ìborùn rẹ̀ ti ya, wọ́n ti là á lórí, ṣùgbọ́n ó di ìdí aṣọ rẹ̀ mú gírígírí. Kò béèrè nǹkan kan. Ó tú aṣọ, ó yọ díìsìkì kan tí wọ́n wé sínú ọ̀rá, ó fi lé Ọ̀gá lọ́wọ́.

"Jubril ti gbé e wá sílé tẹ́lẹ̀, ó ní tí nǹkan bá ṣe òun, kí n gbé e fún ọlọ́pàá. Mi ò mọ nǹkan tó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi dà?"

Afeez so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbẹ̀ náà. Òjò ń rọ̀ nínú àwòrán, Oríta-mẹ́rin dá. Precious sá sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan. Ọkùnrin kan bá a níbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, Precious mi orí, ó ní rárá. Ọkùnrin náà rìn lọ díẹ̀. Ó padà. Nígbà tó ń fi ọ̀bẹ gún un, ó dì í mọ́ra bí ẹni tó ń kí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó rí kámẹ́rà. Olúwọlé ni.

"Obed ní kí n lọ jọ̀wọ́ ara mi," ni Olúwọlé wí láti ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó ní òun máa sìn mí lọ. Ó ní òun máa dúró tì mí. Òmùgọ̀."

Alhaji Yésúfù gbé àwo kan, ó sọ ọ́ lù ú lórí, ó fọ́. A ò dá a dúró.

Géètì sì já.

Wọ́n ya wọlé bí omi. Ọ̀gá Àtọ́kẹ́ gòkè sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kan, ìbọn lọ́wọ́ kejì. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ẹni tó pa Obed!" Àwọn tó wà níwájú wò, wọ́n sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ariwo rọlẹ̀. Ọkùnrin oníkẹ́ẹ̀gì wo Jubril, ó wo etí rẹ̀ tó ń já wálẹ̀, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Olúwọlé dà? Ẹ gbé táyà yẹn wá!"

Gbogbo wọn tún gbóná. Àwọn kan náà ni, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan náà. Ọ̀gá yí ìbọn rẹ̀ sí wọn, ó dúró níwájú apààyàn bó ṣe dúró níwájú aláìṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọta kò pọ̀ mọ́, wọ́n sì mọ̀. Táyà náà ń yí bọ̀ láti ẹnu géètì, ọwọ́ dé ọwọ́.

Ìyáàfin Sọ̀fíyàt ló gbà á. Wọ́n rò pé ó fẹ́ fi sọ́rùn Olúwọlé fúnra rẹ̀, wọ́n yà fún un, àwọn kan tilẹ̀ ń yìn ín. Ó gbé táyà náà sí àárín ọgbà. Ó jókòó lé e lórí, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ ń ṣàn gba ojú.

"Lọ́rùn ọmọ mi ni mo ti bá a," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá da epo sí mi lára kó tó gbà á."

Kò sí ẹni tó mira. Ó jókòó síbẹ̀ títí mọ́tò wa fi dé láti Bẹẹrẹ, nígbà tí a sì gbé Olúwọlé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. Jubril ló ń wò.